Ọwọ́ Tí Ìyá Àgbà Tẹ́ Sábẹ́ Òṣùwọ̀n

Ìró irin kékeré kan ló gbé mi dìde lórí bẹ́ǹṣì lóṣù tó kọjá. A wà ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Ìyànà Ìyẹsí, èmi àti Mùínátù, ọmọ ọmọ mi, tó gbé ọmọ rẹ̀ Àníkẹ́ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì ti fi ọmọ náà sínú àpò aṣọ tó ní ihò ẹsẹ̀ méjì, ó gbé e kọ́ òṣùwọ̀n tó rọ̀ láti òkè àjà, ìkọ́ náà sì dún lókè orí ọmọ. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dé abẹ́ òṣùwọ̀n, mo ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sábẹ́ ìdí ọmọ náà.

“Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Kò ní jẹ́ ká mọ bó ṣe wúwo tó.”

“N ò fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Bẹ̀rẹ̀ kí o wò ó.”

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó rí i pé àyè wà láàárín ọwọ́ mi àti ọmọ. Mùínátù kò tilẹ̀ gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Màmá àgbà, ẹ jókòó, ẹ̀ ń dójú tì mí.” Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Mo padà lọ jókòó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò jókòó. Ó ń lu ilẹ̀ títí wọ́n fi sọ ọmọ náà kalẹ̀.

Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ ibi tí ọwọ́ náà ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣàngó-Ọ̀tà sí fèrè mọ́tò àti èéfín iléeṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbàgbé gbogbo ìyẹn ná. Nígbà ìjọba òyìnbó tí mo wà lọ́mọdé, oko ni Ṣàngó. Bí a bá ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀, ìrì á ti rin aṣọ wa dé orúnkún, àparò á sì máa ké nínú pápá ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń to ara wọn sí lónìí. Inú Ọ̀tà fúnra rẹ̀ ni àgbolé wa wà. Ojúde wa fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, igi ọ̀dán kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn àgbàlagbà máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì. Lára ẹ̀ka ọ̀dán yìí ni òṣùwọ̀n bàbá mi rọ̀ sí.

Èkùrọ́ ni bàbá mi ń rà lọ́wọ́ àwọn ará oko, tó sì ń kó lọ fún àwọn òyìnbó l'Ékòó. Òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin gígùn kan tí ìkọ́ ńlá wà lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àpò èkùrọ́ kọ́ ọ, ìkọ́ náà á dún, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ẹnì kan ti ta ọjà. Ìró yẹn ni mo bá dàgbà. Òun ló ń jí wa, òun ló ń sọ fún ìyá mi pé àlejò ti dé, kí ó gbé omi jáde.

Ọjọ́ Àlàrùbá ni àwọn Sístà máa ń wá. Obìnrin ìjọ Àgùdà ni wọ́n, àwọn tí kò lọ́kọ, tí wọ́n fi ayé wọn sin Ọlọ́run. Èkó ni wọ́n ti ń gbé mọ́tò kékeré kan wá. Ilé alámọ̀ kan tí ìjọ wọn kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti ń kọ́ àwa ọmọbìnrin ní ìwé, ní ìránṣọ àti ìṣirò. Bí ilé ìwé bá ti tú, wọ́n á gbé tábìlì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa wo àwọn ọmọ ọwọ́. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, Mísì Fẹlísíà ló ń kọ́ wa. Ọmọ Àgùdà láti Èkó ni, ó ń gbé ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé náà, òun ló sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn Sístà.

Àwọn ọmọdé òde òní máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé inú òkùnkùn ni a wà kí àwọn Sístà tó dé. Mo ti fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn rí fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ alífábẹ́ẹ̀tì kéwú dé ìparí lọ́dọ̀ alùfáà àdúgbò wa kí n tó di ṣọ́ọ̀kì òyìnbó mú. Ìmàle ni wá nílé wa. Nígbà tí àwọn kan bi bàbá mi léèrè ìdí tó fi jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, ohun tó dá wọn lóhùn ni pé, “Ìṣirò ni mo ní kó lọ kọ́. Ṣé ìṣirò náà ti gba ìrìbọmi ni?”

Sístà Ágátà ni olórí wọn. Ó ga, ó sì tóbi, aṣọ funfun rẹ̀ máa ń pọ́n ní etí ìsàlẹ̀ kí ọjọ́ tó kanrí, nítorí kò mọ bí a ṣe ń jókòó. Bó bá ti rí wa, á lọ wo omi tí à ń mu. Bó bá wo omi tán, á lọ wo ikùn tí ọmọ kan ń tọ́ka sí pé ó ń run òun. Ìyá àgbà mi, tó bí bàbá mi, máa ń sọ pé obìnrin náà ń rìn bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Àgbàlagbà ló kọ́ ọ ní Yorùbá, kíkí ló sì mọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí kì í kí. Mo gbọ́ ọ rí tó kí ewúrẹ́ wa kú ìjókòó.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyá mi bí Ràfíù. Ọmọ tó dára ni nígbà tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, kò dàgbà mọ́. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Bí a bá gbé e pọ̀n, a óò rò pé aṣọ lásán la dì mọ́ ẹ̀yìn. Àwọn méjì tó tẹ̀lé mi ti lọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ìyá mi kò sì lè gbé ojú kan mọ́. Á tẹ́ ẹní sílẹ̀, kò ní sùn lórí rẹ̀. Á gbé ìkòkò kaná, á gbàgbé omi. Ó kàn ń rìn láti ẹ̀yìnkùlé dé ojúde, tọmọ tọmọ, bí ẹni tó ń dúró de oníṣẹ́.

Àwọn Sístà ló gbé e lọ bá. Sístà Ágátà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ nígbà náà, agbọ̀n pelebe kan tí wọ́n ń tẹ́ aṣọ sí, tó dà bí ibùsùn ọmọ. Ó tẹ́ Ràfíù sínú rẹ̀, ó wò ó, ó po oògùn fún un ní ìwọ̀n tó yẹ, ó fún ìyá mi ní mílíìkì inú agolo, ó sì ní kí ó máa gún ẹ̀wà lúbúlúbú fún ọmọ náà. Lẹ́yìn bíi ìgbà mélòó kan tí a lọ, Ràfíù bẹ̀rẹ̀ sí í di ìka mú. Mo rí ìyá mi tó sun oorun ọ̀sán.

Àsìkò òjò ni mọ́tò àwọn Sístà já sínú kòtò lójú ọ̀nà Agége. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n alágbọ̀n já bọ́, ó sì fọ́. Sístà Ágátà dé Ọ̀tà, ó bá àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wò yíká, ó rántí òṣùwọ̀n bàbá mi, ó sì wá tọrọ rẹ̀. Inú bàbá mi dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lé èjìká lọ. Ó so ó mọ́ igi àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi aṣọ nu ìkọ́ rẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó ronú jinlẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ àlejò. Èkejì jẹ́ ọkùnrin.

Wọ́n fi aṣọ ìró di ọmọ àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ ọ. Ìkọ́ náà dún.

Ìró tí gbogbo Ọ̀tà mọ̀ sí èkùrọ́ ni. Ìyá ọmọ náà já ọmọ rẹ̀ gbà lórí ìkọ́, ó sì bọ́ sọ́nà. Èyí tó tẹ̀lé e dìde. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń dìde, wọ́n ń so ọ̀já bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìyá Sílífátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ẹnu rẹ̀ mú, yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi bàbá mi, bí àwọn tó ń ta èkùrọ́ ṣe máa ń bi í, pé, “Èló lẹ ń ra kílààsì kejì?” Bàbá mi dúró ti òṣùwọ̀n rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

Ìyá àgbà ló di ọwọ́ ìyá mi mú, tó fà á lọ sílé. Ó ní ẹsẹ̀ Ràfíù kò gbọdọ̀ tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn mọ́.

Àwọn Sístà ṣe tán láti fún wa ní mílíìkì, ṣùgbọ́n oògùn ń kọ́? Mísì Fẹlísíà wá ṣàlàyé pé bí Sístà kò bá mọ bí ọmọ náà ṣe wúwo tó, kò lè mọ iye oògùn tí ara rẹ̀ yóò gbà, àṣejù rẹ̀ sì lè pa á. Òṣùwọ̀n tuntun di ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé e dé láti òkè òkun. Ìyá àgbà fetí sí i dáadáa, ó sì dáhùn pé, “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀yin wá fẹ́ wọ̀n ọ́n.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. N kò lè sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ojú fèrèsé ni mo ń wò, bóyá ẹnì kan ń sáré bọ̀ láti ilé. Bí mo bá dé ilé, n kì í gba iwájú wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà, kí n lè kọ́kọ́ gbọ́ bóyá ọmọ ń ké. Bó bá ké, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó yá, igbe náà kò fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́. Ọwọ́ tó ti ń di ìka mú tẹ́lẹ̀ tún là sílẹ̀. Bàbá mi kò lè ra èkùrọ́, nítorí ó bẹ̀rù láti jẹ́ kí ìkọ́ náà dún nínú ilé. Ó ń gbé àpò láti ìhín sọ́hùn-ún láìnídìí. Ìyá àgbà nìkan ló ń jókòó, òun náà sì ń bó ẹ̀pà tí kò sí ẹni tó ní kó bó.

Ní ọjọ́ Àlàrùbá tó tẹ̀ lé e, Sístà Ágátà jókòó ti tábìlì rẹ̀ títí, kò rí ìyá kankan. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, kò dúró rárá. Òun àti Mísì Fẹlísíà rìn wọ ojúde wa. Ìkọ́ bàbá mi ti padà sí ara ọ̀dán nígbà náà. Sístà kí gbogbo ilé, àwọn obìnrin sì jáde wò ó. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa níwájú ìyá àgbà. Bóyá wọ́n kọ́ ọ ni, bóyá orúnkún rẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára, n kò mọ̀.

Mísì túmọ̀: “Sístà ní ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ òun fún òun.”

Àwórì gidi ni ìyá àgbà ń sọ, mo kàn ń kọ ọ́ bí ẹ óò ṣe lóye ni.

“Sọ fún un pé ìyá mi ní àbúrò kan. Ogun kó o. Ìyá mi wà nínú igbó, ó ń wò ó láti ibi tó sá pamọ́ sí. Wọ́n ní kí ọmọ náà la ẹnu, ó la ẹnu. Wọ́n ní kó fò, ó fò. Ọkùnrin kan wá fi ọwọ́ sí abíyá rẹ̀, ó gbé e sókè báyìí, ó jù ú díẹ̀ kó lè mọ bó ṣe wúwo. Bó ṣe gbé e sílẹ̀ ni wọ́n dúnàádúrà. Ìyá mi kò rí i mọ́ láyé. Títí tó fi kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ sókè wò níwájú òun. Ohun tí a bá gbé wọ̀n, títà la fẹ́ tà á.”

Ẹ má ṣe fi ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí. Òun kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ohun tó mọ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Mísì Fẹlísíà túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń bá a lọ. Nígbà tó parí, Sístà Ágátà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó rìn lọ sídìí ọ̀dán. Ó di okùn tí wọ́n fi ń so àpò èkùrọ́ mú, ó jókòó sínú rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń jókòó sínú jangirọ́fà, ó sì ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ìkọ́ dún. Ẹ̀ka ọ̀dán tẹ̀. Bàtà dúdú rẹ̀ ń mì lókè ilẹ̀, ìbòrí rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mísì fi gèlè bo ojú.

Sístà fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ní Yorùbá. “Bàbá, ẹ wọ̀n mí.”

Bàbá mi wo ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà kò mi orí, kò ṣẹ́jú. Bàbá mi wá ti irin kékeré tó ń rìn lórí ọ̀pá náà síwájú, ó tún tì í.

“Ó ju àpò kan lọ,” ó ní, bó ṣe máa ń sọ fún àwọn ará oko.

Ojúde bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Sílífátù ní, “Ta ni yóò ra èyí? Kó wá jẹ ẹ̀kọ tán nílé ẹni?”

“Kí ló lè ṣe ná?” obìnrin mìíràn bèèrè.

“Ó mọ ewúrẹ́ kí,” Ìyá Sílífátù dáhùn.

Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó yí obìnrin òyìnbó tó rọ̀ náà ká. Ó bi ojúde léèrè pé, “Ṣé ẹnì kan fẹ́ rà á?” Ohùn rẹ̀ mú kí ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún bèèrè. Nígbà tí kò tún sí ìdáhùn, ó ní, “Ó ti gun ìkọ́, a kò sì tà á. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Ó wá sọ ohun tó fẹ́. Kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ ìkọ́ náà. Kí èkùrọ́ má ṣe kàn án mọ́ láéláé. Bí wọ́n bá sì gbé ọmọ kọ́ ọ, kí ọwọ́ ẹni tó ni ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀, kí ọmọ náà má ṣe wà níbi tí kò sí ọwọ́ ẹni kankan.

Sístà ní bí ọwọ́ bá kan ọmọ, òṣùwọ̀n yóò parọ́. Ìyá àgbà ní, “Kò ní kàn án. Ọwọ́ tó gbé àbúrò ìyá mi kàn án. Tèmi kò ní kàn án.”

Bí wọ́n ṣe gbé Ràfíù kọ́ ìkọ́ bàbá mi lábẹ́ ọ̀dán nìyẹn, nínú aṣọ ìró ìyá mi. Ó fúyẹ́ débi pé ìkọ́ náà kò tilẹ̀ dún dáadáa. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀. Sístà Ágátà fa áńkáṣíìfù rẹ̀ yọ, ó fà á gba àárín ọwọ́ àti ọmọ kọjá, kò sì há. Ó mi orí sí bàbá mi pé kó kà á. Ìyá mi dúró láàárín ojúde, kò rìn síbì kan.

Ràfíù kò yára sàn. Mo ní láti sọ èyí, nítorí àwọn onítàn fẹ́ràn kí ọmọ dìde lọ́jọ́ kejì. Ó lọ, ó bọ̀, ó sì mú wa pẹ́ nínú àìfọkànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba oògùn, ó gba mílíìkì, nígbà tí ọkà sì wọ ilé, ó ti ń fa ara rẹ̀ sókè mọ́ ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Àwọn ìyá yòókù padà wá, olúkúlùkù pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn arúgbó sì ń to ara wọn láti tẹ́wọ́. Nígbà tí agbọ̀n tuntun dé láti òkè òkun, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Bàbá mi ra ìkọ́ mìíràn fún èkùrọ́, ó sì kọ́ ọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn Sístà ti lọ tipẹ́. Sístà Ágátà padà sí ìlú rẹ̀, mo sì gbọ́ pé ó kú síbẹ̀. Ọ̀dán wa ti di ojú títì. Ràfíù lo ọjọ́ ayé rẹ̀ níléeṣẹ́ kan ní Ṣàngó, ó fẹ̀yìn tì sí Agbárá, ó sì ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ báyìí. Bí dókítà bá ní kó gun òṣùwọ̀n, á kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò tẹ́wọ́ sábẹ́ òun.

Èmi ni n kò tíì sinmi. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ níwèé, mo sì mọ̀ pé àpò aṣọ nọ́ọ̀sì lágbára, pé ìkọ́ rẹ̀ kò tíì ta ohunkóhun rí. Síbẹ̀, bó bá dún, ẹsẹ̀ mi á gbéra.

A tún lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí a tó kúrò nílé, Mùínátù ti kìlọ̀ fún mi, mo sì ti ṣèlérí. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan mi kí wọ́n má baà lọ síbì kan. Nọ́ọ̀sì gbé Àníkẹ́ kọ́. Ìkọ́ dún. Mo di ojú.

Nígbà tí mo là á, Mùínátù ti sọ fóònù sínú báàgì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀.

“N ò fọwọ́ kàn án,” Mùínátù wí. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó.”